Owó Fàdákà àti Ilé Òrìṣà Àwọn Híńdù Lẹ́yìn Odi

Àwọn àgbà ní àjò kì í dùn kí onílé má relé. Òwe yìí ni mo fẹ́ kí ẹ̀yin olùwòran wa fi sọ́kàn bí a ti ń gbé ọ̀rọ̀ òní yẹ̀ wò, nítorí pé ìtàn tí mo fẹ́ sọ jẹ́ ti àwọn ènìyàn tí wọ́n kúrò nílé pẹ̀lú èrò pé àwọn yóò padà, tí púpọ̀ nínú wọn kò sì padà mọ́. Bí a bá fẹ́ mọ ìgbà tí irú àwọn bẹ́ẹ̀ pinnu pé ibi tí àwọn wà ti di ilé, ìwé ìjọba kò lè là á yé wa. Ìjọba a máa ka orí, kì í ka ọkàn. Owó wọn ni ó lè sọ ọ́: ibi tí wọ́n kó o pamọ́ sí, ohun tí wọ́n fi rọ, àti ìgbà tí wọ́n kó o jáde láti fi kọ́ ilé fún òrìṣà wọn. Ìdí nìyí tí mo fi so ìtàn owó mọ́ ìtàn ilé òrìṣà àwọn Híńdù tí wọ́n ti Íńdíà kọjá òkun.

Ó yẹ kí a kọ́kọ́ mọ̀ pé ní Íńdíà fúnra rẹ̀, owó àti òrìṣà kì í ṣe àjèjì sí ara wọn. Láti nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún kẹfà tàbí ìkarùn-ún ṣáájú ìbí Kristi ni wọ́n ti ń gé fàdákà wẹ́wẹ́ níbẹ̀, tí wọ́n sì ń fi òǹtẹ̀ lu àmì oòrùn, òkè, igi àti ẹranko sí i lára. Ní ọdún 1970, àwọn awalẹ̀pìtàn tí ń ṣiṣẹ́ ní Ai-Khanoum ní ilẹ̀ Afghanistan rí owó fàdákà onígun mẹ́rin mẹ́fà tí ọba kan tí ń jẹ́ Agathocles rọ ní nǹkan bí ọdún 180 ṣáájú ìbí Kristi. Ọmọ Gíríìkì ni ọba yìí, ṣùgbọ́n Vasudeva-Krishna àti Balarama, òrìṣà Íńdíà méjì, ni ó yà sí ara owó náà. Àwòrán wọ̀nyí wà lára èyí tí ó pẹ́ jù lọ tí a tíì rí nípa àwọn òrìṣà méjèèjì. Ẹ wo ọgbọ́n àlejò! Ó fẹ́ kí wọ́n gba owó òun lọ́jà, ó sì mọ ẹni tí àwọn ọlọ́jà ń bọ. Lẹ́yìn rẹ̀ ni àwọn ọba ìdílé Gupta, ní ọgọ́rùn-ún ọdún kẹrin àti ìkarùn-ún lẹ́yìn ìbí Kristi, fi Lakshmi, òrìṣà ọrọ̀, sí ẹ̀yìn owó wúrà wọn. Krishnadevaraya, tí ó jọba ní Vijayanagara láti ọdún 1509 títí di 1529, fi Krishna ọmọdé sí ara ti tirẹ̀.

Èmi tí iṣẹ́ mi jẹ mọ́ èdè kò lè kọjá lára owó gúúsù Íńdíà láìdúró díẹ̀. Varaha ni wọ́n ń pe owó wúrà kékeré kan níbẹ̀, orúkọ yìí sì ni ti ẹlẹ́dẹ̀ igbó tí Vishnu gbé àwọ̀ rẹ̀ wọ̀ rí nínú ìtàn ìwáṣẹ̀ wọn. Nígbà tí àwọn Pọtogí dé, wọ́n pe owó náà ní pagode, bẹ́ẹ̀ sì ni orúkọ kan náà ni wọ́n ń pe ère òrìṣà àti ilé òrìṣà. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì gba ọ̀rọ̀ náà lẹ́nu wọn, wọ́n sọ ọ́ di pagoda. Àwọn oníṣòwò Gẹ̀ẹ́sì tí ẹgbẹ́ wọn ń jẹ́ East India Company rọ owó pagoda ní Madras, wọ́n sì fi àwòrán òrìṣà sílẹ̀ lára rẹ̀, títí rúpì fi gba ipò rẹ̀ ní ọdún 1818. Pagoda kan jẹ́ fanam 42, fanam kan sì jẹ́ 80 owó kéékèèké tí àwọn Tamil ń pè ní kásù. Ọ̀rọ̀ kásù yìí ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì tún gbà fún owó náà, bí àwa náà ti gba sílè àti kọ́bọ̀ lọ́wọ́ wọn. Ẹni tí ó bá ka ìwé ìṣirò Madras ti ayé ìgbà náà ní láti fara balẹ̀ kí ó tó mọ̀ bóyá owó ni wọ́n ń kà tàbí ilé òrìṣà.

Ní ọdún 1835 ni Company yìí kó gbogbo onírúurú owó Íńdíà tí ó wà lábẹ́ rẹ̀ jọ sábẹ́ rúpì kan ṣoṣo, tí ìwọ̀n rẹ̀ jẹ́ gíráàmù 11.66, tí orí William Kẹrin, ọba Gẹ̀ẹ́sì, sì wà lára rẹ̀. Ní gúúsù tí òrìṣà ti ń gbé ojú owó, orí ọba ìlú òkèèrè ni ó bọ́ sí ipò rẹ̀. Ọdún kan péré ṣáájú èyí, ní ọjọ́ 1 oṣù kẹjọ ọdún 1834, ni òfin tí ó fòpin sí oko ẹrú bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní àwọn ilẹ̀ tí Gẹ̀ẹ́sì ń ṣe àkóso. Àwọn olóko ìrèké nílò apá tí yóò rọ́pò apá ẹrú. Bí orí ọba ti ń wọ ara owó ní Íńdíà ni àwọn ọmọ Íńdíà ń wọ ọkọ̀ ojú omi.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe irú ènìyàn kan ṣoṣo ni ó kọjá òkun. Àwọn kan wà tí wọ́n kó owó dání, àwọn kan sì wà tí ó jẹ́ pé owó ni wọ́n ń wá lọ. Ìyàtọ̀ yìí hàn nínú ilé òrìṣà tí wọ́n kọ́.

Àwọn tí wọ́n kó owó dání ni mo fẹ́ kọ́kọ́ mẹ́nu bà, ìyẹn àwọn Nattukottai Chettiar láti ilẹ̀ Tamil. Owó yíyáni ni iṣẹ́ wọn. Wọ́n dá ilé òrìṣà sílẹ̀ ní Penang ní ọdún 1857, wọ́n dá òmíràn sílẹ̀ ní Singapore ní ọdún 1859, Murugan sì ni òrìṣà tí wọ́n gbé síbẹ̀. Ní àwọn èbúté yẹn, owó fàdákà Spéènì àti ti Mẹ́síkò ni àwọn oníṣòwò fẹ́; ìjọba Calcutta gbìyànjú láti fi rúpì lé wọn lọ́wọ́, wọ́n kọ̀ ọ́. Ẹni tí kò bá mọ gbogbo owó wọ̀nyí ní àmọ̀dunjú kò lè yá ẹnikẹ́ni lówó níbẹ̀, àwọn Chettiar sì mọ̀ wọ́n. Nínú èrè wọn, wọ́n ń yọ ìdá kan sọ́tọ̀ fún òrìṣà, owó òrìṣà náà a sì tún jáde lọ sọ́jà láti lọ pa èlé wá. Ní ilé òrìṣà ni wọ́n ti ń pàdé láti fẹnu kò sí iye tí èlé yóò jẹ́ ní oṣù kọ̀ọ̀kan. Òrìṣà wọn jẹ́ alábàáṣepọ̀ nínú òwò. Síbẹ̀, àwọn ènìyàn wọ̀nyí kò ní i lọ́kàn rárá láti jókòó pẹ́. Aṣojú tí wọ́n bá rán jáde a máa lo nǹkan bí ọdún mẹ́ta, ìyàwó rẹ̀ yóò wà nílé, òun yóò sì padà. Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé gbogbo ilé òrìṣà tí àlejò bá kọ́ ni ó fi hàn pé ó ti di onílé.

Ní Bọ́mà, níbi tí àwọn bàbá wa kan ti lọ jagun, ọ̀rọ̀ wọn burú. Àwọn àgbẹ̀ onírẹsì fi ilẹ̀ dúró fún gbèsè. Nígbà tí iye ìrẹsì wálẹ̀ lẹ́yìn ọdún 1930, gbèsè di ohun tí apá kò ká mọ́, ilẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí bọ́ sọ́wọ́ àwọn ayánilówó. Ní agbègbè 13 tí wọ́n ti ń gbin ìrẹsì jù, ìdá mẹ́fà nínú ọgọ́rùn-ún ilẹ̀ ni ó wà lọ́wọ́ àwọn Chettiar ní ọdún 1930. Ní ọdún 1938 ó ti di nǹkan bí ìdá mẹ́rin ilẹ̀ náà. Èmi kò lè bá àwọn tí ń dá àgbẹ̀ Bọ́mà lẹ́bi nìkan lohùn. Ọmọ Yorùbá tí ó bá mọ ohun tí a ń pè ní sògúndógójì yóò mọ ohun tí ó ń dun irú àgbẹ̀ bẹ́ẹ̀, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé èlé Chettiar kò tó ti àwọn ayánilówó mìíràn níbẹ̀. Ogun lé ọ̀pọ̀lọpọ̀ wọn jáde ní ọdún 1942. Ní ọdún 1964, ìjọba ológun ibẹ̀ sọ owó bébà ńláńlá di aláìníláárí, ó ti gba ilé ìtajà àti ilé owó lọ́wọ́ àwọn àjèjì, àwọn ará Íńdíà tí iye wọn tó ọ̀kẹ́ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún sì fi ilẹ̀ náà sílẹ̀ láàárín ọdún díẹ̀. Wọn kò lè gbé ilé òrìṣà dání.

Ìtàn àwọn tí wọ́n ń wá owó lọ gùn ju èyí lọ, òun sì ni ó wà ní ọkàn mi jù. Ní oṣù kọkànlá ọdún 1834 ni ọkọ̀ tí ń jẹ́ Atlas gbé àwọn alágbàṣe 36 dé Mauritius. Ní ọdún 1838 wọ́n dé Guyana. Ní ọjọ́ 30 oṣù karùn-ún ọdún 1845 ni ọkọ̀ Fatel Razack gúnlẹ̀ sí Trinidad pẹ̀lú àwọn ènìyàn tí ó lé ní 200. Kí ètò yìí tó dópin ní ọdún 1917, 143,939 ènìyàn ni ó ti dé Trinidad, 238,909 sì ti dé Guyana. Àwọn kan lè fẹ́ pè wọ́n ní ìwọ̀fà. Ọ̀rọ̀ náà sún mọ́ ọn, ṣùgbọ́n kò bá a mu tán. Ìwọ̀fà ń sìn nítorí owó tí a ti yá, ó sì lè padà sùn sí ilé rẹ̀ ní alẹ́. Àwọn wọ̀nyí fi ọwọ́ tẹ ìwé ọdún márùn-ún, inú ọgbà olóko ni wọ́n ń sùn, ẹni tí ó bá sì jáde kúrò nínú oko láìgba ìwé àṣẹ, ẹ̀wọ̀n ni yóò bá ara rẹ̀.

Sẹ́ńtì 25 ni owó iṣẹ́ òòjọ́ ọkùnrin tí ara rẹ̀ le ní Trinidad. Bí a bá ṣí i sí owó Gẹ̀ẹ́sì ayé ìgbà náà, sílè kan àti ààbọ̀ kọ́bọ̀ ni, nígbà tí kọ́bọ̀ 12 jẹ́ sílè kan. Nínú èyí ni wọ́n ti ń jẹun, nínú rẹ̀ náà ni wọ́n ti ń fi pamọ́. Níbo ni wọ́n ń fi í pamọ́ sí? Alágbẹ̀dẹ fàdákà wà láàárín wọn, ọ̀pọ̀lọpọ̀ sílè sì ń lọ tààrà sínú ìkòkò ìyọ́rin rẹ̀, ó ń jáde bí ẹ̀gbà ọwọ́, ẹ̀gbà ẹsẹ̀ àti ẹ̀gbà ọrùn fún ìyàwó. Àwọn òyìnbó tí wọ́n rí wọn kọ̀wé pé oge ni àwọn obìnrin náà ń ṣe. Oge wà níbẹ̀, n kò jiyàn, ṣùgbọ́n báńkì ni wọ́n wọ̀ sọ́rùn. Fàdákà tí ó wà nínú sílè Gẹ̀ẹ́sì jẹ́ ìdá 92.5 nínú ọgọ́rùn-ún, nítorí náà ẹni tí ó bá yọ́ ọ kò pàdánù púpọ̀, orí ọba tí ó wà lára rẹ̀ nìkan ni ó sọnù. Ìyàwó tí ó bá sì wọ owó ilé sọ́wọ́ rí nǹkan gbá mú bí ọkọ bá kú tàbí bí ó bá di ọ̀mùtí. Ní ọdún 1920 ni ìjọba Gẹ̀ẹ́sì dín fàdákà inú sílè kù sí ìdajì, ní ọdún kan náà sì ni wọ́n fi idẹ rọ́pò fàdákà nínú sílè tiwa ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Láti ìgbà náà, alágbẹ̀dẹ tí ó bá yọ́ sílè tuntun, ẹ̀tàn ni ó yọ́.

Ohun tí mo ń sọ yìí kò jìnnà sí wa rárá. Owó ẹyọ tí àwọn baba ńlá wa ná, láti erékùṣù Maldives nínú òkun Íńdíà ni púpọ̀ nínú rẹ̀ ti wá. Sílè lé e kúrò lọ́jà, kò lè lé e kúrò ní ojúbọ: ó ṣì wà lára aṣọ olórìṣà àti lórí àtẹ ẹni tí ń da ẹẹ́rìndínlógún. Owó tí kò ra iyọ̀ mọ́ ṣì ń bá òrìṣà sọ̀rọ̀.

Òfin fún àwọn alágbàṣe Trinidad ní ẹ̀tọ́ láti padà sí Íńdíà láìsanwó ọkọ̀ lẹ́yìn ọdún mẹ́wàá. Láti ọdún 1869 sí 1880, ìjọba sọ pé ẹni tí ó bá yọ̀ǹda ẹ̀tọ́ yìí lè gba éékà ilẹ̀ mẹ́wàá dípò rẹ̀. Àwọn òpìtàn a máa dúró lórí éékà mẹ́wàá yìí gẹ́gẹ́ bí ibi tí ìtàn ti yí padà. Èmi rò pé ilẹ̀ nìkan kò tó ẹ̀rí. Ènìyàn lè gba ilẹ̀ kí ó tà á, kí ó sì wọkọ̀ lọ sílé. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá tú ẹ̀gbà ọrùn ìyàwó rẹ̀ tà láti fi ra bíríkì ilé òrìṣà, a jẹ́ pé ó ti gbà pé ibí yìí ni àwọn ọmọ òun yóò ti máa jọ́sìn.

Kò yá kánkán kí ó tó rí bẹ́ẹ̀. Amọ̀ àti koríko ni wọ́n fi kọ́ àwọn ilé òrìṣà ìṣáájú, nínú oko olóko. Kódà, ojúbọ ẹlòmíràn ni àwọn kan kọ́kọ́ tẹ́wọ́ gbà. Ère Màríà dúdú kan wà nínú ṣọ́ọ̀ṣì Kátólíìkì ní Siparia. Láti ọgọ́rùn-ún ọdún kọkàndínlógún ni àwọn Híńdù ti ń rọ́ lọ síbẹ̀ ní àsìkò Ọjọ́ Ẹtì Rere, tí wọ́n ń pe ère náà ní Siparee Mai, tí wọ́n ń gbé owó, ìrẹsì, òróró àti ẹ̀gbà fàdákà síwájú rẹ̀. Àwọn àlùfáà Kátólíìkì kò mọ ohun tí wọn ìbá ṣe sí i, nítorí pé àwọn tí ń bọ ère wọn kì í ṣe ọmọ ìjọ wọn.

Ọ̀rọ̀ kan tún wà tí n kò lè ṣàìsọ. Ní Trinidad, ọ̀nà kan tí ẹni tí kò ní owó púpọ̀ fi ń kó owó jọ ni pé kí àwọn ènìyàn kan máa dá iye kan ní ọ̀sẹ̀ ọ̀sẹ̀, kí ẹnì kọ̀ọ̀kan sì máa kó o ní tirẹ̀. Susu ni wọ́n ń pè é níbẹ̀, àti ọmọ Áfíríkà àti ọmọ Íńdíà. Kò sí ọmọ Yorùbá tí yóò gbọ́ èyí tí yóò béèrè ìtumọ̀. Àwọn ènìyàn wa tí àwọn ọmọ ogun ojú omi Gẹ̀ẹ́sì gbà lọ́wọ́ àwọn oníṣòwò ẹrú ni wọ́n kó lọ sí Trinidad láti ọdún 1841. Wọ́n ti débẹ̀ ṣáájú Fatel Razack, wọ́n gbé Ṣàngó àti èsúsú lọ. Bí èsúsú ṣe bọ́ sí ẹnu àwọn aládùúgbò wọn láti Íńdíà jẹ́ ìtàn tí ó tọ́ kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa ṣiṣẹ́ lé lórí.

Ilé òrìṣà oníbíríkì dé nígbà tí ó yá. Àwo tí àtùpà ń jó lórí rẹ̀ a máa kárí láàárín àwọn olùjọ́sìn, wọn a sì máa ju owó wẹ́wẹ́ sí i. Ẹni tí ó bá fẹ́ ta òrìṣà lọ́rẹ ńlá kì í fẹ́ kí iye rẹ̀ parí sí òdo: 11 ni, tàbí 21, tàbí 51, tàbí 101. Owó kan tí ó lé yẹn ni ó ń ṣí ọ̀nà fún òmíràn. Ṣùgbọ́n ọmọ tí a bí fún irú ìdílé yìí kò ní ẹ̀tọ́ tí ó dájú sí owó náà bí baba rẹ̀ bá kú láìṣe ìwé ìhágún, nítorí pé ìgbéyàwó tí àlùfáà Híńdù bá so kò tó nǹkan lójú òfin. Ọmọ àlè ni òfin ka ọmọ náà sí. Ọdún 1945 ni ìjọba tó gbé òfin ìgbéyàwó Híńdù jáde, ọgọ́rùn-ún ọdún gbáko lẹ́yìn tí Fatel Razack gúnlẹ̀.

Ọdún méjì lẹ́yìn òfin yìí ni ìtàn Sewdass Sadhu bẹ̀rẹ̀ ní Waterloo, ní etí òkun. Ọmọdé ni nígbà tí àwọn òbí rẹ̀ gbé e láti Íńdíà wá, oko ìrèké ni ó sì ti ń ṣiṣẹ́. Ní ọdún 1947 ó kọ́ ilé òrìṣà kékeré kan sí etí òkun. Ilẹ̀ náà jẹ́ ti ilé-iṣẹ́ ìrèké Caroni, tí ó wà lábẹ́ Tate and Lyle ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Wọ́n ní kí ó wó o. Ó kọ̀. Wọ́n gbé e lọ sílé ẹjọ́, ó fi ẹ̀wọ̀n ọjọ́ 14 gbára, ó san owó ìtanràn, wọ́n sì fi katakata wó ilé òrìṣà náà ní ọdún 1952. Ẹ jẹ́ kí a ronú sí owó ìtanràn yẹn díẹ̀. Owó oko ìrèké ni. Oko ìrèké ni ó san án fún un, nítorí ilẹ̀ oko ìrèké ni ó sì ṣe san án padà fún ìjọba.

Sadhu wá wòye pé bí ilẹ̀ bá ní olówó, òkun kò ní. Ó gbé kẹ̀kẹ́ rẹ̀, ó so ẹrù òkúta, iyanrìn àti sìmẹ́ǹtì mọ́ ọn, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í la ọ̀nà wọ inú omi. Nígbà tí omi bá fà sẹ́yìn ni ó ń rí àyè ṣiṣẹ́. Ó ń to àgbá epo sínú òkun, ó ń rọ kọnkéré sí i. Àwọn ènìyàn ń fi í rẹ́rìn-ín pé orí rẹ̀ ti dàrú. Owó tí ó ń ná kì í ṣe ti ẹgbẹ́, kì í ṣe ti ìjọba. Ohun tí ó bá rí nídìí iṣẹ́ òòjọ́ ni ó ń dà sínú omi lóòótọ́, gẹ́gẹ́ bí a ti máa ń sọ nípa ẹni tí ń fi owó rẹ̀ ṣòfò. Ọ̀pọ̀ ọdún ni ó fi ṣe é, kò sì parí rẹ̀ kí ó tó kú. Òkun jẹ lára rẹ̀ lẹ́yìn ikú rẹ̀. Nígbà tí àádọ́jọ ọdún tí àwọn ará Íńdíà dé Trinidad ń pé ní ọdún 1995, ìjọba fi owó ìlú tún un kọ́ ní ojú ibi tí ó wà nínú omi, wọ́n ṣe ọ̀nà tí a lè fi ẹsẹ̀ rìn dé ibẹ̀, wọ́n sì gbé ère Sadhu fúnra rẹ̀ síbẹ̀.

Atọ́kùn ètò wa ti ń wo aago, nítorí náà n kò ní í fọwọ́ kan àwọn ará Íńdíà tí Idi Amin lé kúrò ní Uganda ní ọdún 1972, tàbí ilé òrìṣà ńlá oníokúta mábù tí àwọn Híńdù ṣí ní Neasden ní Lọ́ńdọ̀nù ní oṣù kẹjọ ọdún 1995 kan náà. Àwọn ọmọdé kó agolo ohun mímu tí wọ́n ti jù nù jọ, wọ́n tà á, wọ́n sì fi owó rẹ̀ kún owó ìkọ́lé yẹn. Ọ̀jọ̀gbọ́n tí ó jókòó sí ọwọ́ ọ̀tún mi mọ ìlú náà jù mí lọ, mo sì mọ̀ pé kò fara mọ́ ohun tí mo sọ nípa éékà mẹ́wàá.